Òkété Ta Ojúlé, Ó Ku Inú Ilé

Mo fi ahọ́n mi búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Ojú mi ló ṣe. Ó dáa, etí mi ló ṣe. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò ní kí òótọ́ má jẹ́ òótọ́.

Òkété fẹ́ di lánlọ́ọ̀dù. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pé, kò sì gbẹ́ ihò kankan rí láyé rẹ̀. Èyí tó ń sùn sí gan-an, ìyá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ìgbín ló ń bí i nínú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Ìgbín, òun sì ti nílé tirẹ̀, ó ń gbé e káàkiri kí gbogbo ayé lè rí i. Òkété ní, "Èmi náà gbọ́dọ̀ di onílé. Iṣẹ́ nìkan ni n kò fẹ́ ṣe." (Irú wa pọ̀. Ẹ má wò mí.)

Ní ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó lè máa bá a wẹ ọmọ.

"Ṣọ́ ilé o," ni ìyá wí. "Bí mo bá dé tí n kò bá ilé mi bí mo ṣe fi í sílẹ̀, igbó ni wàá máa sùn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ilé kì í rìn."

Abẹ́ òkìtì ọ̀gán ńlá kan ni ilé náà wà, ó sì ní ẹnu mẹ́ta: ọ̀kan kọjú sódò, ọ̀kan sóko, ọ̀kan sígbó. Òkété rìn yí ọ̀gán po, ó ń fọwọ́ pa ikùn. Àṣé ojúlé mẹ́ta ni òun ń gbà wọlé gbà jáde láti kékeré bí aláìlọ́gbọ́n!

Òjò ọdún ti ń ṣú bọ̀. Òkété bá Ìmàdò létí odò.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ máa wọ̀ sí bí òjò bá dé?"

"Abẹ́ igi."

"Abẹ́ igi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ léyín tó báyìí!" Òkété mirí bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú. "Mo ní ojúlé kan tó kọjú sódò. Àwọn tó ń dù ú kò jẹ́ kí n sùn, ṣùgbọ́n ojú yín ni mo wò."

Ìmàdò sáré gbé ìdì ẹyìn ńlá kan wá, ó fi ra ojúlé.

Òkété dé ọ̀dọ̀ Ìyá Òòrẹ̀, ó ní, "Màmá, pẹ̀lú ẹ̀gún ara yín yìí, ta ló lè sùn tì yín? Ojúlé àdáni ló yẹ yín." Ó dé ọ̀dọ̀ Ìkookò, ó dúró lókèèrè, ó ní, "Bàbá, àdúgbò tí kò ní aládùúgbò ni mo fi pa mọ́ fún yín." Àwọn náà fi ẹyìn ra ojúlé. Òkété kó gbogbo ẹyìn sínú yàrá, ó sùn lé e lórí. Ó ń pe ara rẹ̀ ní Bàbá Onílé, òun náà ló sì ń jẹ́ ẹ.

Òjò dé. Kálukú gba ojúlé tirẹ̀ wọlé pẹ̀lú eré. Nínú òkùnkùn, orí Ìmàdò kan imú Ìkookò, ẹ̀gún Òòrẹ̀ sì gún àwọn méjèèjì.

"Kí lo ń wá nílé mi?"

"Ilé ta?"

Wọ́n wọ́ Òkété kúrò lórí ẹyìn.

"Ilé mélòó lo ní?" ni Ìkookò bèèrè.

"Ọ̀kan."

"Ẹni mélòó lo tà á fún?"

"N kò tà á fún ẹnikẹ́ni." Òkété tún ojú ṣe bí adájọ́. "Ẹ̀yin àgbà, kí ni mo ní mo ń tà? Ojúlé. Kí ni ojúlé? Ojú ilé. Ojú lẹ rà, inú ṣì jẹ́ tèmi. Ẹni tó ra orí ẹran, ṣé ó máa ń bèèrè ìfun ni?"

Ìkookò la ẹnu kó gbé e mì. Ìyá Òòrẹ̀ dá a dúró.

"Ẹ fi í sílẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ojú la rà. Kí kálukú lọ jókòó sójú tirẹ̀."

Wọ́n lọ jókòó. Ara wọn dí ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pinpin. Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó jó títí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Ìmàdò, ẹ yà díẹ̀, mo fẹ́ lọ mu omi."

"Kí o gba ibo lọ?"

"Ẹnu ọ̀nà."

"Ẹnu ọ̀nà ta? Ojú tèmi, inú tìrẹ. Mu omi inú."

Ó lọ bá Ìkookò. Ìkookò yíjú sí i. "Ẹnu méjì ló wà níbí, tèmi àti ti ilé. Èwo lo fẹ́ gbà?"

Òkété yára padà sẹ́yìn. Ìyá Òòrẹ̀ nìkan ló kù.

"Bàbá Onílé, gbogbo ẹyìn inú ilé lowó ibodè."

Òkété sunkún. Ó kó ẹyìn náà jáde, kò ku ẹyọ kan, ó ní òun kò ní ta ilé mọ́ láéláé. Lẹ́yìn náà ló fún ara rẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀gún kọjá. Ẹ̀gún bó ìrù rẹ̀ dé ìdajì. Ìdí nìyẹn tí ìdajì ìrù òkété fi funfun títí dòní.

Ìgbà tó yọrí síta, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi yìí?"

"Onílé ni wá, ìyá," ni Ìmàdò dáhùn. "Ọmọ yín ló tà á fún wa."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ tìtì. "Ìwọ ọmọ yìí, o kò kúkú ta èmi náà mọ́ ọn?"

"Rárá, Màmá. Ẹ kò sí nílé ni."

Ìyá gbá a létí, ó ru ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọmọ tuntun. Òkété sun inú igbó, òjò pa á títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹnu ọ̀nà, kó kọ́kọ́ jáde ná.

Ó dáa, ibì kan wà tí mo fi irọ́ dí: ẹkún yẹn, àti ìlérí tó tẹ̀ lé e. Òkété kò sunkún, kò sì ṣèlérí kankan. Nígbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò tirẹ̀ níkẹyìn, ẹnu méje ló dá sí i. Èmi ti bá a sọ̀rọ̀ lórí èyí tó kọjú sí títì.