Bí Àwẹ̀ró Ṣe Fi Àáké Ṣí Ọ̀fun Odò Ẹ̀ríyà

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí àwọn ará Ìdíyanrìn kò tíì kọ́gbọ́n, opó kan wà létí odò Ẹ̀ríyà tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Igi ló ń là tà, ó sì ń fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá omi. Àwẹ̀ró apá-bí-òpó, obìnrin tí ìrókò ń rí tó ń gbọ̀n, a-sọ̀rọ̀-má-foyin-sí-i. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àyọ̀ká, Àyọ̀ká sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò Ẹ̀ríyà a máa fà, iyanrìn a sì yọ láàárín rẹ̀ bí ẹ̀yìn erinmi. Orí iyanrìn yẹn ni àwọn ènìyàn ń pàgọ́ sí, nítorí pé bàrà àti ilá tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ kì í mọ ọ̀gbẹlẹ̀. Nísàlẹ̀ odò, níbi tí àpáta méjì ti fún un lọ́fun, Balógun Ṣàngódèyí ti fi ìtì igi àti amọ̀ mọ ọgbà dí i, kí ẹja má baà rí ọ̀nà lọ. Òfin ni pé kí wọ́n já ọgbà náà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ẹja tó bá omi tuntun wá ló máa ń sanra jù, Balógun sì ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ki igbá bọ odò, omi tó bù pupa bí epo. Ó wòkè, ojú ọ̀run mọ́ gaara, oòrùn ń ta. Ó tún wo odò: ìfóòfó ń ṣàn bọ̀, òkú ìgalà kan sì ń yí gbiri láàárín ewé tútù. Ó yé e. Òjò ti rọ̀ lórí òkè jíjìn, omi náà sì ti gbéra.

Ó wa ọkọ̀ lọ sórí iyanrìn, ó ń pariwo: “Ẹ fi bàrà sílẹ̀! Ẹ kó ọmọ!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin alágbàro kan, Láyípo, ní: “Ìyá Àyọ̀ká, ṣé oòrùn yìí lẹ ń pè lójò? Ẹ jẹ́ ká gé bàrà fún yín, bóyá orí yín á tutù.”

“Láyípo, ẹnu rẹ yìí lomi máa kọ́kọ́ kún.”

Kò pẹ́ tí omi fi gba ẹ̀yìn iyanrìn, tó yí wọn ká. Ẹ̀rín tán. Wọ́n ń ya ara wọn láṣọ nídìí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Láyípo fi àjẹ̀ la orí ọkùnrin kan kí ó lè ráyè wọlé, Àwẹ̀ró sì fi ẹ̀yìn àáké gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ dà sómi. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ gbé kọjá. Nígbà tó padà, ó wọ àgọ́ tí Àyọ̀ká bímọ sí lórí iyanrìn.

“Dìde. Gbọ́mọ.”

Àyọ̀ká mi orí. “Ìyá mi, ọmọ ò tíì gba orúkọ. Abiyamọ kì í kọjá omi kọ́mọ tó gba orúkọ. Odò á gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Odò ń bọ̀ wá gbà á níbi tó o jókòó sí!”

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin náà ò gbé mi kọjá nígbà tẹ́ ẹ bí mi.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Àwẹ̀ró, nítorí òótọ́ ni. Èèwọ̀ tí ènìyàn fi ọyàn fún ọmọ mu, kò ṣeé fi ìbínú gbà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sì fipá wọ́ ọ sínú ọkọ̀, ìjàkadì wọn á dojú ọkọ̀ dé. Àwọn tó kù lórí iyanrìn pọ̀, omi sì ti ń wọ àgọ́. Odò tí a fún lọ́fun, ikùn rẹ̀ ni yóò wú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ikùn wálẹ̀, kó lọ tú ọ̀fun.

Ó ní kí Láyípo, tó ṣì ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, wa òun gúnlẹ̀ nítòsí ọgbà Balógun, kó sì padà wá máa kó èrò. “Bó o bá sá, màá tọ̀run wá bá ọ.”

Balógun wà lórí ọgbà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta, wọ́n ń fi agbọ̀n kó ẹja. Àwẹ̀ró dúró níwájú rẹ̀, ó ní:

“Balógun, mo kí yín. Ẹ̀yin lẹ gba ìlú yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun, mi ò gbàgbé. Ọkọ mi tẹ̀lé yín lọ, ẹ ò gbé òkú rẹ̀ bọ̀, mi ò sì bi yín rí. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ̀mí ènìyàn wà lórí iyanrìn, ọmọ mi wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ mi wà níbẹ̀. Ẹ já ọgbà yìí, tàbí kẹ́ ẹ yà fún mi kí n já a.”

Balógun rẹ́rìn-ín. “Opó, ààrá ò tíì sán lórí ilé mi, ìwọ ń sọ̀rọ̀ òjò. Ẹja tí mo ti ń dúró dè ló ń bọ̀ yìí. Padà sílé, lọ lagi tà.”

“Ó dáa. Igi náà ni mo wá là.”

Ó gun orí ọgbà. Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ na ọ̀kọ̀ sí i. Ó yẹ̀ ẹ́, ó sì sọ àáké kalẹ̀ sí i léjìká, irin náà wọlé dé àyà, ọkùnrin náà ṣubú sáàárín ẹja. Èkejì gún un nítan. Àwẹ̀ró dá igi ọ̀kọ̀ náà mọ́ ara rẹ̀ lára, ó di ẹni tó gún un mú lọ́rùn, ó sì jù ú sódò. Ẹ̀kẹta kò dúró kí wọ́n lé òun. Balógun yọ idà, ó sá a lápá òsì, egungun hàn. Bó ṣe tún gbé idà sókè ni àáké Àwẹ̀ró gé ọwọ́ náà já lọ́rùn ọwọ́. Balógun jókòó sórí ìtì igi, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Àwẹ̀ró kọjú sí òpó àárín.

Balógun ké: “Obìnrin yìí! Bó o bá já a báyìí, àwa méjèèjì ló lọ!”

“Mo mọ̀.”

Ọwọ́ kan ló fi ń gé e. Ẹ̀jẹ̀ mú èèkù àáké yọ̀, ó nù ún mọ́ ìró, ó tún gé e. Òpó náà ké bí ẹran tí wọ́n ń dú. Lẹ́yìn náà, ọ̀fun odò ṣí, ó sì gbé ohun gbogbo mì: igi, amọ̀, ẹja, Balógun, àti Àwẹ̀ró, akọni tó ta ọgọ́rọ̀ akọni yọ.

Lórí iyanrìn, omi ti dé ọ̀fun Àyọ̀ká, ó na ọmọ sókè orí rẹ̀. Ó gbọ́ bí ìsàlẹ̀ odò ṣe bú ramúramù. Omi dúró. Omi wá sí àyà, ó wá sí ìdí, ó wá sí orúnkún. Àyọ̀ká ké pe ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo odò pọ̀ ju ohùn rẹ̀ lọ.

Nígbà tí odò rọlẹ̀, wọ́n rí Àwẹ̀ró nísàlẹ̀ àpáta, àáké ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò lè gbà á, wọ́n sì sin ín tòun tàáké. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò di ọ̀fun Ẹ̀ríyà mọ́. Àwọn tí omi kò pa kó òkúta jọ ní etí odò, níbi tí omi gùn dé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Òkìtì Àwẹ̀ró. Òkè òkìtì náà ni wọ́n ń kọ́lé sí. Àwọn tó ṣorí kunkun kọ́ tiwọn sísàlẹ̀ rẹ̀, omi ọdún míì gbé wọn lọ, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn mọ́.