Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí fún Alágbẹ̀dẹ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ebi ló ń pa yín tí ohùn yín fi rọ̀ báyìí? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó rìn gbẹ̀rẹ̀, ó lọ fẹ̀yìn ti ilé Ògúntólú, alágbẹ̀dẹ ìlú Ìkùukùu. Ní ìlú yẹn, kùrukùru kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ẹnubodè wọn wá di jákujàku. Irin àgbékọ́ rẹ̀, irin gbọọrọ tí a fi ń gbé ilẹ̀kùn kọ́ òpó kí ó lè máa ṣí, kí ó lè máa tì, ti dípẹtà. Àṣà wọn ni pé irin yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ilé kọ̀ọ̀kan á mú irin iṣẹ́ rẹ̀ tó ti gbó wá, alágbẹ̀dẹ náà á mú tirẹ̀ kún un, á wá lù wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n ní ohun tí ilẹ̀kùn fi ń dá ọmọ ìlú mọ̀ nìyẹn.

Bàbá Ọdẹ́yalé mú ọkọ́ tó fi kọ ebè títí ọkọ́ náà fi kúrú. Ìyá Àrìnpé, opó, kò ní ju ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ilá lọ. Ó mú un wá bẹ́ẹ̀.

Ògúntólú wo irin, irin wọ̀ ọ́ lójú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé fún Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tó lóyún lẹ́yìn tí wọ́n ti fojú sọ́nà tipẹ́tipẹ́. Ó ní irin tó dára tó báyìí, ta ni yóò máa wò ó lẹ́nubodè, ṣé ewúrẹ́ ni? Ló bá fẹ́ná, fùkẹ̀-fùkẹ̀. Òòlù ń dún, kíń-ún, kíń-ún. Ó fi irin ìlú ṣe àgbékọ́ ilé tirẹ̀, ó gbẹ́ ewé sí i lára, ó fi orí ẹyẹ sí i ní ṣóńṣó. Irin tirẹ̀ ńkọ́? Kò fi bíńtín sí i. Ó ní òógùn òun ti tó. Ó wá fi okùn so ẹnubodè, ó fi amọ̀ dúdú kùn ún kó lè jọ irin, ó ní iṣẹ́ ti parí. Ẹ ò rí ojúkòkòrò bí?

Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé náà á dúró, ojú rẹ̀ á máa wúwo bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n ní irin náà ń kọrin nínú kùrukùru. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú àlọ́ yìí, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí Ògúntólú gbé irin náà kọ́ ilé tán ló ti lọ sí oko èédú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń bọ̀, ó gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun nínú ilé. Ó ju èédú sílẹ̀, ó taari ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò mira. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ gbè é:

Ọkọ́ Ọdẹ́yalé ń bẹ lára mi,
*Ṣí wọ́ọ́, ṣí wọ́ọ́.*
Ọ̀bẹ Ìyá Àrìnpé ń bẹ lára mi,
*Ṣí wọ́ọ́, ṣí wọ́ọ́.*
Irin Ògúntólú, mo wá a, n ò rí i,
*Tì gbọin, tì gbọin.*

Ìyá Àrìnpé gbé omi gbígbóná dé. Ilẹ̀kùn ṣí fún un wọ́ọ́. Ògúntólú tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ilẹ̀kùn tì gbọin. Bàbá Ọdẹ́yalé fà á lọ́wọ́ kí àwọn jọ wọlé. Ilẹ̀kùn rọra já ọwọ́ kúrò nínú ọwọ́, bí ìyá ṣe ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ. Ògúntólú fi òòlù lu ilẹ̀kùn, òòlù kò ràn án. Ìta ló ń sùn, ìta ló ń jí, ó ń gbọ́ tí Àwẹ̀ró ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Gbogbo ìlú wọlé, ilẹ̀kùn ń fi orin ṣí, ó ń fi orin tì. Ní Ìkùukùu, bàbá ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ sí ọmọ létí, kí oòrùn tó la kùrukùru. Wọ́n dúró dè é, dè é. Ògúntólú wá dọ̀bálẹ̀ lójúde.

Ó ní, “Ẹ gbà mí o. Irin ìlú ni mo jí. Okùn ni mo fi so ẹnubodè. N kò sì fi bíńtín tèmi sí i.”

Ìyá Àrìnpé dá a lóhùn láti inú ilé: “A ti gbọ́. Ti ọ̀bẹ mi kọ́ ló ń dùn mí. Ọmọ rẹ ló wà níbí tí kò rí bàbá.”

Àwọn ará ìlú tú irin náà, wọ́n gbé e lọ sí ẹnubodè. Ìgbà tí ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu, oòrùn ti là. Ìyá Àrìnpé ti pe orúkọ sí ọmọ létí dípò bàbá: Ilésanmí. Ògúntólú wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń fi orúkọ tí kì í ṣe òun ló sọ ọ́ pè é. Ọmọ náà yíjú kúrò, ó ń wá ohùn Ìyá Àrìnpé. Ó dun Ògúntólú wọra.

Ibi tí mo fi àlọ́ mi tẹ́ sí nìyí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí iyán alẹ́ yìí kọ̀ láti gba ọ̀fun mi. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí gbogbo ayé bá dá jọ, ẹ má gbé e lọ sílé. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá sì ti ń dá, ẹ dá tiyín.