Igi Ọsàn Ẹ̀yìnkùlé Lúsíà

Opó kan wà ní àdúgbò àwọn Àgùdà létí ọ̀sà, Lúsíà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Májẹ̀kódùnmí. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sì wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn tí ọkọ rẹ̀ gbìn kó tó kú. Ọmọ àti igi, ohun tó kù fún un láyé kò ju méjèèjì yìí lọ.

Ọkọ Lúsíà mọ ọtí kan í pò nílé. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò fún omi ọsàn sínú ife, yóò ro ṣúgà mọ́ ọn títí yóò fi yòrò, yóò wá da ọtí ìrèké díẹ̀ lé e, yóò sì fi omi tútù inú àmù là á. Kì í já ọsàn lórí igi. Èyí tó bá já fúnra rẹ̀ ló ń ṣà, ó ní ohun tí igi bá fi tinútinú jọ̀wọ́ kì í korò lẹ́nu.

Májẹ̀kódùnmí jogún ọwọ́ bàbá rẹ̀, àmọ́ kò jogún sùúrù. Àwọn ọ̀rẹ́ tọ́ ọtí náà wò, wọ́n yìn ín, orí rẹ̀ sì wú. Ohun tí wọ́n ń mu lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan di ti ojoojúmọ́, póńpó ló sì ń sọ lu igi kí ọsàn lè tètè já. Lúsíà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọtí bàbá rẹ̀ mọ sínú ilé, kó sì jẹ́ kí igi sinmi. Ọmọ dá a lóhùn pé arúgbó kò mọ adùn ìyìn. Ọ̀rọ̀ náà dun Lúsíà wọra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àlejò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọsàn sì tán. Lúsíà gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ráhùn pé ojú yóò ti òun. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ó rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ igi níbi tí ẹ̀ka ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó ń ṣa ìwọ̀nba tó já sílẹ̀ sínú etí aṣọ rẹ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn pé èyí yóò tó o.

Kò mọ̀ pé Májẹ̀kódùnmí ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ sí òdìkejì igi, tòun ti póńpó lọ́wọ́. Lúsíà gbọ́ tí ewé mì, ó sì gbójú sókè. Póńpó tí ọmọ sọ láti já ọsàn gba àárín ẹ̀ka kọjá, ó bà á láàárín orí.

Igbe ìyá rẹ̀ ni ọmọ fi mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ó wó tì í, ó ń sunkún, ọsàn tú ká lórí ẹ̀jẹ̀. Inasíọ̀, àbúrò ọkọ Lúsíà, gbọ́ igbe, ó sáré dé, ó fa pàṣán yọ láti na ọmọkùnrin náà. Lúsíà gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ fi í sílẹ̀, ọkọ mi,” ló wí. “Ẹ wo igi yìí. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí ọmọ tó bí ni wọ́n ṣe ń sọ igi lù ú. Bí ọdún bá sì yí po, á tún bí òmíràn.”

Kò rí ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Lọ́dún náà, igi so bí kò ṣe so rí. Májẹ̀kódùnmí kò po ọtí mọ́. Èyí tó bá já, á ṣà á, á gbé e lọ sí ojú oórì ìyá rẹ̀, á jókòó tì í. Àwọn tó ń kọjá a máa rí òkìtì ọsàn náà, wọ́n a sì rántí ohun tí Lúsíà wí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọmọ ọsàn ní í kó póńpó bá ìyá rẹ̀.