Ẹ̀gbà Ẹsẹ̀ Àdàbà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, n ò gbọ́ yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Ẹ má retí Ìjàpá o, Ìjàpá ń sinmi lálẹ́ òní. Àlọ́ mi gun igi, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ẹ̀ka. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bà lé Àdàbà léjìká.

Ní ìgbà kan rí, Àdàbà bí ọmọ kan ṣoṣo. Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Àyọ̀ká ní òun yóò bá àwọn ẹgbẹ́ òun fò kọjá ọ̀sà lọ wá oúnjẹ. Kó tó lọ, Bàbá Àkókó, àgbà afínwúrà, yọ́ oje igi, ó ní kí ọmọ náà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹsẹ̀ yẹn ló ń wò tó fi fín in sára ẹ̀gbà ẹsẹ̀ wúrà tí ìyá rẹ̀ ń wọ̀.

Àyọ̀ká lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ tán, òjò dé, kò padà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Àdàbà ń fi àgógó ẹnu pa ojú ẹsẹ̀ náà, tó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àyọ̀ká o, ilẹ̀ ń ṣú,
Ọmọ mi, máa bọ̀.
Mo ti tún ìtẹ́ rẹ ṣe,
Ọmọ mi, máa bọ̀.
Àárò rẹ mà ń sọ mí,
Ọmọ mi, máa bọ̀.

Ohun tí a bá ń fi ẹnu pa lójoojúmọ́, á fẹ́lẹ́. Ojú ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Bẹ́ẹ̀ Bàbá Àkókó ti kú. Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ló jogún àwọn irin tó fi ń fín wúrà.

Ká sòótọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ mọṣẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi oje gbígbóná lẹ wúrà mọ́ igi kó má baà mì. Ó mọ̀ pé bí a bá ń fín nǹkan, a kì í yí irin, wúrà là ń yí. Ojúkòkòrò nìkan ló bà á jẹ́. Ó ti rí i pé bí irin bá ti ń lọ, èérún wúrà a máa ká jọ níwájú rẹ̀. Bí ó bá sì fín in jìn sí i, èérún á pọ̀ sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kó o pa mọ́ sí, kó lè fi rọ ẹ̀gbà ọrùn fún ara rẹ̀.

Àdàbà dé. "Ọ̀kẹ́rẹ́, bá mi tún ojú ẹsẹ̀ ọmọ mi fín. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Òun nìkan ló kù mí kù."

"Ìyá Àyọ̀ká, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa lọ sílé, ẹ padà wá lọ́la."

"Kí n fi í sílẹ̀ lọ síbo? Mo jókòó síbí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ mú irin. Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, irin rẹ mà ń jìn!"

"Mm̀-mm̀."

"Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ tọ́ka sí eyín, ó fajú ro.

"Áà, eyín ń dùn ọ́! Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Ẹ gbọ́ o, ó tún ń kí olè kú ìrora! Ọ̀kẹ́rẹ́ tún fi agbára ti irin. Pọ́ọ̀! Irin gba inú wúrà kọjá, ó yọ̀, ó gún un látẹ́lẹwọ́ kejì. "Yéè!" Ẹnu là, èérún wúrà tú dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Àdàbà.

Àdàbà kò wo èérún. Ẹ̀gbà ló gbé sókè. Ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà ti di ihò. Ó bú sẹ́kún.

Àwọn ẹranko sáré dé. Erin ní, "Má sunkún mọ́. Wúrà rẹ rèé nílẹ̀. A ó yọ́ ọ, a ó fi dí ihò náà, a ó sì ní kí wọ́n tún un fín."

Àdàbà wò ó. "Ẹ lè dí ihò, Erin. Ẹsẹ̀ ta ni ẹ fẹ́ fín síbẹ̀?"

Ìtìjú mú Ọ̀kẹ́rẹ́, ó fò gun igi. Títí di òní, bó bá ti gbúròó ẹnì kan, orí igi ló ń sá lọ. Kò sẹ́ni tó tún gbé wúrà fún un mọ́.

Ẹ má bi mí bóyá Àyọ̀ká padà wá. Àwọn tó pa àlọ́ yìí fún mi kò sọ. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ tí àdàbà ń ké nírọ̀lẹ́, ẹ má sọ ọ́ lókùúta. Kò sí ojú ẹsẹ̀ tí yóò máa fi ẹnu pa, ohùn ló kù ú kù.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnì kan bá gbé ohun ìrántí lé yín lọ́wọ́, ẹ má fi ojú wúrà wò ó. Wúrà tí a jí ṣeé dá padà. Ohun tí a fín sára rẹ̀ kò ṣeé dá padà.