Iyanrìn Inú Ọkọ̀

Ọkùnrin kan wà létí ọ̀sà nílùú tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà ló ń ṣe. Ọkọ̀ onígi kan ṣoṣo ló ní. Òun ló fi ń kó èrò lọ sí òdìkejì omi, òun ló fi bọ́ ìyá rẹ̀, òun náà ló fi fẹ́ ìyàwó. Láyíòyè, fi fóònù yẹn sílẹ̀. Láti àárọ̀ lo ti ń wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan náà, kò sì ní yí padà nítorí pé o tún un wò. Èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin yìí ń fọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ó rí i pé igi ti là níbì kan. Ojú ibi tó là náà kò ju irun orí lọ, omi kò sì gba ibẹ̀ wọlé. Ó wa ọkọ̀ náà lọ bá bàbá arúgbó tó gbẹ́ ẹ. Bàbá fi èékánná tọ ojú lílà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ihò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní irú rẹ̀ tó sì gbó sójú omi láìdi ihò. Àmọ́ kò ṣeé lẹ̀ pọ̀. Máa gbé e wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta kí n máa wò ó. Èrò mẹ́rìnlá lo ń kó tẹ́lẹ̀, máa kó mẹ́jọ." Ọkùnrin náà bi í pé bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní di ihò láé. Bàbá ní òun kò lè búra. Ó ní igi ló mọ inú ara rẹ̀, àmọ́ ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ọlọ́kọ̀ ló wà.

O ní kí ni ọkọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ? Fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Kó o sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ sinmi, gbogbo tábìlì ló ń gbọ̀n.

Ara ọkùnrin náà kò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Láràárọ̀, kó tó fọ ẹnu, ó ti wà nídìí ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ojú lílà náà. Ó máa ń wọ́n eérú gbígbẹ sí i, kó lè mọ̀ bí omi bá ti kàn án. Bó bá wà lágbedeméjì omi, tí èrò ń bá a sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, eérú ló ń wò. Ó gbé ọkọ̀ náà lọ bá agbẹ́kọ̀ mìíràn, ó tún gbé e lọ bá ẹ̀kẹta, ohun kan náà ni wọ́n sọ fún un. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìlú mọ̀, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé ọkọ̀ òun là, kò sí ẹni tí yóò tún wọ̀ ọ́.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dín ẹrù kù. Mẹ́jọ ni wọ́n ní kó kó, mẹ́jọ ló ń kó. Oṣù mẹ́ta kọjá, bàbá agbẹ́kọ̀ wò ó, lílà náà kò sún. Oṣù mẹ́ta mìíràn tún kọjá, ibi tó wà náà ló wà. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, mi ò ní rí ìtàn kankan sọ fún ọ lónìí.

Ohun tó bà á jẹ́ kò ti inú omi wá. Nílùú wa nígbà náà, gbogbo ọlọ́kọ̀ ló ń fi ọ̀dà pupa fa ìlà yí ara ọkọ̀ ká. Bí ọkọ̀ bá kún, omi á bo ọ̀dà náà. Ibẹ̀ la fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ ń lọ fún. Ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ bá yọ síta, a máa ń sọ pé ó ti fi ikùn hàn, pé ebi ń pa ọlọ́kọ̀. Ọkọ̀ ọkùnrin yìí fi ikùn hàn fún oṣù mẹ́fà gbáko.

Ẹnu ayé bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀ fún un. Àwọn kan ní àìsàn ló ń bò mọ́ra. Olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ránṣẹ́ sí i pé bí ìṣòro bá wà, kó má fi pa mọ́ fún àwọn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá lọ pọn omi, àwọn obìnrin á ní, "Kí ló ń ṣe baálé rẹ? Àbí o ò tọ́jú rẹ̀ mọ́ ni?" Obìnrin náà dé ilé, ó sunkún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí kún bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú ń tì mí." Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ létí èbúté, bó bá sì ti ń kọjá, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa pè é ní Bàbá Oníkùn-Síta. Eré la pè é.

Ọkùnrin náà rò ó títí. Kò fẹ́ kó èrò mẹ́rìnlá, torí ó bẹ̀rù lílà náà. Kò sì lè fara da ẹnu ayé. Ó wá ṣe ohun tí ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í ṣe. Ó bu iyanrìn kún àpò mẹ́fà, ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó fi pákó bò wọ́n, ó ní kí èrò mẹ́jọ jókòó lé e. Ọ̀dà pupa wọ inú omi lọ. Lójú tirẹ̀, èrò mẹ́jọ náà ló ṣì ń kó, ó ti pa àṣẹ agbẹ́kọ̀ mọ́. Omi kò mọ èrò yàtọ̀ sí iyanrìn, ìwúwo ló mọ̀.

Inú gbogbo wa dùn. A ní nǹkan ti padà bọ̀ sípò fún un. A ní ìyàwó rẹ̀ ti mọ ìtọ́jú ṣe.

Kò ṣíwọ́ eérú wíwọ́n o. Láràárọ̀ ló ń wò ó, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń ṣọ́ lílà náà tọkàntara, ó sì ń gbé ohun tó ń là á sí i lé e lórí.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ó ṣí etí pákó kan, ó rí i pé eérú ti di ẹrẹ̀. Èrò mẹ́jọ ti jókòó, ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn. Ó yẹ kó kó iyanrìn náà jáde lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo èbúté ló ń wò ó. Báwo ló ṣe máa gbé àpò iyanrìn mẹ́fà jáde lójú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a yọ̀? Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré yìí ni, bí òun bá lọ tí òun bọ̀, òun á kó o kúrò. Ó da pákó padà, ó wa ọkọ̀ lọ.

Wọn ò tíì dé agbedeméjì tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fi là gbàà. Àwọn apẹja tó wà nítòsí ló yọ wọ́n. Gbogbo wọn yè, òun náà yè, ìyàwó rẹ̀ yè. Ọkọ̀ ni kò yè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi fà, a rí àpò mẹ́fà náà nínú ẹrẹ̀, a dúró, a ń wò wọ́n. Àwọn èèyàn ń bi ara wọn pé kí ló ń fi iyanrìn ṣe nínú ọkọ̀ èrò. Èmi rántí yẹ̀yẹ́ wa, ó yé mi, mi ò lè gbójú sókè. Nítorí tiwa ló ṣe kó o síbẹ̀.

Wàyí o, Láyíòyè. Dókítà ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní irú rẹ̀ tí wọ́n sì dàgbà dàrúgbó pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ó máa ń yí padà lára àwọn mìíràn, kó di jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, àti pé ara tó sanra jù lè fi kún ewu náà. Ó ní kó o dín ara kù, kó o máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà àti èso, kó o jáwọ́ nínú ẹran ọlọ́ràá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò ṣèlérí kankan fún ọ. Mo fẹ́ràn dókítà yẹn nítorí pé kò purọ́.

O sì ṣe é. Kílò mẹ́sàn-án lo fi dínkù. Ìgbà náà la lọ sọ ọmọ àbúrò rẹ lórúkọ, mo rí ọ tí ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí rẹ, mo sì ní níṣojú gbogbo ẹbí pé ọrùn rẹ ti di ti lékeléke, pé ṣé ìyàwó rẹ kì í dáná mọ́ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ kò rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tí dókítà sọ nígbà yẹn, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ẹnu mi má lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà lo ti padà sídìí iyán lálaalẹ́, tí ò ń fi mọ́ọ̀tì tì í. Kílò mẹ́sàn-án ti padà dé, ó tún mú méjì lẹ́yìn bọ̀. Kì í ṣe nítorí ebi lo ṣe ń jẹun, nítorí ẹnu mi ni. Dárí jì mí.

O ní oúnjẹ náà dùn. Ó dùn lóòótọ́, ta ló jiyàn? Bí a bá ní ká wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. O ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbi mẹ́ta lóṣù kan, dókítà sì ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà ti tó. Ìpayà kì í ṣe ìtọ́jú, ọmọ mi. Èèyàn lè máa páyà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má ṣe ohun kan ṣoṣo fún ara rẹ̀. Ọkùnrin tí mo sọ yẹn, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ là, ó bọ́ sínú omi, wọ́n sì yọ ọ́. Ìwọ ńkọ́? O ò lè bọ́ jáde nínú ara rẹ.

Ìyàwó rẹ ń gbé iyán bọ̀ yìí, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gún un púpọ̀ nítorí pé èmi wà nílé. Bu èyí tó máa tó ọ, kó o dá ìyókù padà níṣojú mi. Bó bá bi ọ́ pé kí ló dé, má wojú mi. Sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ fún un.