Ẹ̀rọ Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Jí Tán

Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀yìn odi Ìgbájọ tí kì í lè rí ohun tó dákẹ́ kó má fọwọ́ kàn án. Fara balẹ̀ gbọ́ ọ, Oyèékànmi. Ìtàn náà kò gùn.

Ọkùnrin yìí ní ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ sàba. Àpótí ńlá kan ni, ó ní ilẹ̀kùn, ó ń mú ẹyin móoru, ó sì ń yí wọn láti ìhà kan sí ìkejì ní wákàtí wákàtí. Ọpọlọ rẹ̀ kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Inú káàdì mẹ́mórì kékeré kan, irú èyí tí à ń kì bọ inú fóònù, ni gbogbo ohun tó mọ̀ wà: bí ooru ṣe gbọ́dọ̀ tó, iye ọjọ́ tí ẹyin ti lò, ìgbà tó yẹ kó dẹ́kun yíyí wọn. Bí iná bá dé ara rẹ̀, yóò kọ́kọ́ ka káàdì náà kó tó mọ iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá le, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Yóò ké píì lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀ọ́dúnrún ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kó ẹyin náà síbẹ̀ ni lúkúlúkú wọ ilé adìẹ wọn, ó sì pa gbogbo àwọn tó yé wọn. Ìran adìẹ tí ìyàwó rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá náà gbà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, kò sí níbòmíràn mọ́ àfi nínú àpótí yẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejìdínlógún, òjò ṣú, ààrá sán, iná lọ. Ó padà, ó tún lọ, ó tún padà, láàárín ìgbà tí èèyàn fi lè bu omi mu. Nígbà tó wá dúró, ẹ̀rọ náà kò ké píì. Ojú rẹ̀ dúdú. Iná pupa kan tàn lára rẹ̀, iná àwọ̀ ewé kan sì ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn kíákíá, nígbà mìíràn yóò dákẹ́ díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà dúró tì í. Kò lè dúró pẹ́. Ó pa á, ó tún un tàn.

O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe nílẹ̀ yìí. Iná ìjọba ló kọ́ wa. Bí fóònù bá kọ̀, a ó pa á, a ó tún un tàn. Bí fáànù bá ń kùn, a ó pa á, a ó tún un tàn. Ó ń gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe. Aládùúgbò kan tiẹ̀ yọrí lókè ògiri.

"Ṣé kò tíì jí ni? Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn!"

"Mo ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Tẹlifíṣọ̀n tiwa náà, ìgbà kẹrin ló gbọ́."

Ó pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá rò pé iná ìjọba ni kò lágbára tó, ó bá gbé e sórí bátìrì sólà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní ó ti rẹ bátìrì, ó tan jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, ó tún gbé e padà sórí iná ìjọba. Ó yọ káàdì náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó tì í padà sáyè rẹ̀. Láàárín gbogbo èyí, ó ń ṣí ilẹ̀kùn àpótí láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹyin, kó mọ̀ bóyá wọ́n ṣì gbóná. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí i ni ooru ń jáde.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tó fi ń ka ọjọ́ ẹyin. Obìnrin náà kò lọ ilé ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí eyín ọmọ yọ, ọjọ́ tí kànga gbẹ, ọjọ́ tí àlejò dé àti ohun tó gbé wá. Ó ń wo aago, ó ń kọ nǹkan.

"Ìyá Àdùkẹ́, ẹyin ń kú lọ, ìwé lò ń kọ?"

"Ẹ máa ṣe tiyín, Bàbá Àdùkẹ́. Ẹ̀yin lẹ ní ọwọ́, èmi ni mo ní bíírò."

Ọkùnrin náà fi ìbínú pe obìnrin tó to ẹ̀rọ náà fún un, ní Ìlọrin. Ó ní ayédèrú ló gbé fún òun. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Iná àwọ̀ ewé yẹn, ṣé ó ń ṣẹ́jú àbí ó ti kú pátápátá?"

"Ó ń ṣẹ́jú! Ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀!"

"Ẹ̀mí kò bọ́ lára rẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, ó ń kàwé ni. Ibi tó ti ń kọ nǹkan sínú káàdì ni iná ti já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ìrántí òun ti ya níbì kan. Ó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń wá ibi tó ya, kó lè rán an kó tó jí. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ tó pa á?"

Ọkùnrin náà kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti dúró títí. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́, ó gba fóònù.

"Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ti pa á. Èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èyí tó yá jù kò tó ìṣẹ́jú kan. Ti jẹnẹrétọ̀ nìyẹn."

Ẹni tó wà ní Ìlọrin dáhùn.

"Hà, Màmá. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló máa ń gbà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa á, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún padà sí. Wọ́n sì lè ti fà á ya níbòmíràn."

Ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú tí ààrá ti lọ. Láti ìgbà náà wá, kì í ṣe ààrá ló ń dí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ọwọ́ olówó rẹ̀ ni.

Wọ́n gbé e sórí bátìrì, nítorí bátìrì kì í lọ kó tún bọ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn àpótí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti kẹ́ẹ̀gì omi gbígbóná méjì sísàlẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ òtútù bo gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ti súìṣì.

"Mo kàn fẹ́ wò ó ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ fi ojú wò ó. Ọwọ́ kì í ríran."

Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, iná àwọ̀ ewé náà dákẹ́. Ọkùnrin náà fò dìde. Obìnrin náà kò kúrò níbi tó wà. Iná náà tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá pé, ẹ̀rọ náà kò ké. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkùnrin náà ń rìn láti ògiri dé ògiri, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti ń wo aago léraléra, ṣùgbọ́n iná ṣì ń ṣẹ́jú, kò sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára súìṣì.

Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, ó ké píì lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kìíní ni. Ó ti gbàgbé ọjọ́ orí ẹyin. Obìnrin náà wo ìwé rẹ̀, ó tẹ ọjọ́ kejìdínlógún sí i, ooru bẹ̀rẹ̀ sí gòkè.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹyin pa. Mọ́kànlélọ́gọ́ta kò pa. Àwọn tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ni. Ọkùnrin náà kó wọn jáde fúnra rẹ̀.

Oyèékànmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ ni mo sọ ìtàn yìí fún. Oṣù méje nìyí tí a ti sin bàbá rẹ. Nínú oṣù méje náà, ìyá rẹ ti gbé ilé mẹ́ta. Ní Òṣogbo, ó ti ń kó aṣọ bàbá rẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó, ó ń ká a, kí o tó rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú àpò. Ní Ìbàdàn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú agbada fífọ́ ni ọkọ̀ rẹ dé. Dókítà mẹ́rin lo ti mú un lọ rí, o kò sì jẹ́ kí oògùn ẹnì kan nínú wọn tán kí o tó lọ bá òmíràn.

O ní kò rántí nǹkan mọ́. O ní òfìfo ló ń wò. Mo bá a jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ní ilé kẹta yìí. Kì í ṣe òfìfo ló ń wò. Ó ń ka orúkọ àwọn tó wá síbi ìgbéyàwó òun àti bàbá rẹ, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì, pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbé wá. Ó ti dé orí ẹni kẹrìnlélógún nígbà tí o wọlé pé, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Ó dákẹ́. Nígbà tó tún la ẹnu, ẹni àkọ́kọ́ ló tún ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń tì ọ́. Ọkùnrin yẹn náà fẹ́ràn ẹyin rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìyá rẹ kò ní rí gbogbo rẹ̀ kó padà. Èmi kò ní purọ́ fún ọ.

Ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Abẹ́òkúta ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Pe awakọ̀ náà lónìí, kó má wá. Lẹ́yìn náà, lọ jókòó ti ìyá rẹ. Bó bá dé orí ẹni kẹrìnlélógún, má sọ̀rọ̀. Èmi kò mọ iye èèyàn tó wá síbi ìgbéyàwó náà. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n.