Bí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété Ṣe Di Àpò

Nígbà kan rí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti eku ilé, tí èèrà sì ń rìn káàkiri bó ṣe wù wọ́n, odò ńlá kan pín ilẹ̀ àwọn ẹranko sí méjì. Òkété nìkan ló gbẹ́ ihò gba abẹ́ odò náà. Bí ẹranko bá fẹ́ ra nǹkan lódìkejì, Òkété ní láti bá a gbé àgbàdo tó fẹ́ fi san án kọjá. Nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan, á ju díẹ̀ sẹ́nu ara rẹ̀. Wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ò sí.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, ibà kọlu ọmọ Ọ̀yà. Ọmọ náà ò lè mu ọmú mọ́. Ọ̀bọ oníṣègùn tó wà lódìkejì ti já ewé sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé egbòogi tí a kò bá san nǹkan lé lórí kì í jẹ́. Ọ̀yà kó àgbàdo fún Òkété láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, Òkété ti dí ẹnu ihò rẹ̀ pa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo mi dà?"

"Ó wà lẹ́nu mi níbí. Mo ní kí Erin ọba yín jẹ́ kí n máa mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kọ̀. Títí yóò fi gbà, ẹnikẹ́ni ò ní san nǹkan kan fẹ́nikẹ́ni."

"Ọmọ mi ń kú lọ, ẹ̀gbọ́n."

"Lọ sọ fún ọba."

Inú bí Ọ̀yà. Ó sáré lọ bá Erin, ó sì rò fún un.

Erin gbéra. Ó fa ìtàkùn gígùn kan nínú igbó, ó so ó mọ́ igi létí odò, ó sì ju orí rẹ̀ kejì sí Ọ̀bọ, ìyẹn náà so ó mọ́lẹ̀.

"Ọ̀nà gbogbo ìlú nìyí," ni Erin wí. "Ẹni tó bá ń gbẹ́rù níbẹ̀ kò gbọdọ̀ bù ú jẹ."

Ìtàkùn náà tín-ín-rín, èèrà nìkan ló lè gba orí rẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n gbé àgbàdo tó kù nílé Ọ̀yà, wọ́n forí lé odò.

Òkété gbọ́, ó sì sáré dé ìdí ìtàkùn. Eyín rẹ̀ mú, ó kàn fẹ́ gé e ni. Ọ̀yà rí i, àyà rẹ̀ já, nítorí àwọn èèrà ti ń gbé ewé bọ̀ láàárín odò.

Òkété lanu. Àgbàdo Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ó yára pa ẹnu dé, ó ṣa èyí tó bọ́, ó tì wọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tì wọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, síbẹ̀ eyín ò ráyè gé nǹkan kan. Ká ní ó tu àgbàdo náà dànù ni, ìtàkùn ì bá já. Kò lè tu ú. Ibẹ̀ ló ti ń bá ẹnu ara rẹ̀ jà títí èèrà fi gúnlẹ̀.

Ọ̀yà gba ewé lórí wọn, ó sáré kọjá lára Òkété láìwò ó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ mu ọmú.

Ìdí nìyẹn tí èèrà fi ń tò rìn títí di òní, tí wọ́n ń gbé ẹrù wọn ní gbangba. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ò padà sípò mọ́. Ìtìjú kò jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án, àmọ́ kò ṣàìní oníbàárà: àwọn tí kò fẹ́ kí ọba rí ẹrù wọn ṣì ń yọ́ lọ sẹ́nu ihò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà sì ni Ọ̀yà ti máa ń gé ju ohun tó máa jẹ lọ nínú oko, tó ń fi ìyókù sílẹ̀. Olóko ń pè é ní àpà. Kò mọ̀ pé èèrà ló fi í sílẹ̀ fún.